Ẹ́ńjìnnì Tí Ọkọ Mi Ní Kí N Jù Nù

Bàbá mi,

Ara mi le kokooko. Ìdérí ẹ́ńjìnnì alùpùpù àlòkù mi ti dúdú, kò dán mọ́, ọkọ mi sì ní kí n ju ẹ́ńjìnnì náà nù, pé iṣẹ́ obìnrin kọ́. Mo ní ọmọ mẹkáníìkì ni mí.

Mi ò da sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ sí i. Ẹ ti kọ́ mi pé ó máa ń jẹ álúmíníọ̀mù. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti àkísà rírọ̀ ni mo fi nù ún. Ó ti dán, mo ń rí ojú mi nínú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú lọ́jọ́ tí mo dá a lóhùn ti ń lọlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ń sùn báyìí, afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá. Bí ọkọ mi bá pè yín, ẹ ní mo ti mọ ohun tó yẹ kí n jù nù.