Agogo Márùn-ún Ìdájí, Tèmi Tìrẹ

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ tí mo bí tí mo sì wò dàgbà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìdúró láti òwúrọ̀ dalẹ́. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, torí mi ò rí ìdí kankan tí ara ọmọ mi kò fi ní í le. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúnkún kọ́ ni mo bá wá lónìí. Ọlọ́run tó ń jí wa kò ní í gbàgbé yàrá tìrẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí o. Àbúrò bàbá rẹ ní kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní ìwé mẹ́ta tí mo kà kò tíì jò dànù. Ibi tí o bá ti rí i tó wọ́, kà á bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé mi ò fi fóònù mi sọ̀rọ̀ bó ṣe wù mí mọ́. Iṣẹ́ kan ló kù tí mò ń fi í ṣe, iṣẹ́ tìrẹ sì ni.

Ìgbà tí o pè mí lọ́jọ́sí, tí o ń fi imú sọ̀rọ̀, tí o ní ọ̀gá yín níbi tí ẹ ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ti já ìwé ìkìlọ̀ kejì lé ọ lọ́wọ́ torí pé o ń pẹ́, pé òun fún ọ ní ọgbọ̀n ọjọ́, ọjọ́ kan péré tí o bá tún pẹ́ nínú ẹ̀ kí o máa lọ sílé, mi ò bá ọ sunkún. Ẹkún kì í fọ aṣọ. Mo jókòó, mo rò ó.

Mo kọ́kọ́ ro ti ẹ̀rọ tí o ní ẹ ń fi ìka tẹ̀ láràárọ̀, kó lè mọ ẹni tó tètè dé. Mo wo àtàǹpàkò mi. Inú mi ni tìrẹ ti jáde, gbogbo ẹni tó mọ̀ wá ló sì ń sọ pé ọwọ́ mi lo gbé wá sáyé, nítorí náà tí ẹ̀rọ yẹn bá lójú, kò yẹ kó lè dá wa mọ̀ yàtọ̀. Mo ti di ẹrù tán kí n wá máa bá ọ tẹ̀ ẹ́, kí ìwọ máa sùn díẹ̀ sí i. Àbúrò bàbá rẹ ló ní èrú ni wọ́n ń pè é. Mo ní èrú báwo, ìyá ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo tú ẹrù.

Mo tún ro ti fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí o kọ ìdí tí o fi ń pẹ́ sí. O ní o kọ ọ́ pé ọkọ̀ ni kò tètè wá. Kò dára. Kọ òótọ́ síbẹ̀, kọ ọ́ pé oorun ni. Kí o sì fi kún un pé ẹjọ́ rẹ kọ́, láti inú oyún lo ti ń pẹ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko lo fi kọjá ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá, ìgbà tí o sì wá dé, ńṣe lo ń yán. Tí àyè ẹlẹ́rìí bá wà nínú fọ́ọ̀mù náà, kọ orúkọ mi síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn ti kú, èmi nìkan ló kù tó mọ̀.

Ìgbà yẹn ni ọkàn mi wá lọ sí fóònù. Ṣé o rántí pé ọjọ́ kan náà lo ra tèmi àti tìrẹ, lọ́wọ́ ẹnì kan náà, àwọ̀ kan náà? Ìbejì ni wọ́n. Mo gbé tèmi lọ bá atúnfóònùṣe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, mo ní kó bá mi yí àláàmù rẹ̀ sí agogo márùn-ún ìdájí, kí tìrẹ náà lè máa dún lọ́hùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Ìyá, fóònù yín kò mọ fóònù ọmọ yín rí o, kálukú ló ń dún láyè ara rẹ̀. Mo bi í pé ọmọ mélòó ló bí. Ó ní òun kò tíì níyàwó. Mo ní ṣé o rí i, kí lo wá mọ̀ nípa ìbejì? Ó yí i fún mi, kò gba kọ́bọ̀.

Mo gbé fóònù sínú abọ́ irin ńlá kó lè dún dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo sì gbé abọ́ náà sí ẹnu ọ̀nà, jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Ìdájí ọjọ́ kejì, ó dún bí ẹni da ṣíbí sílẹ̀. Mo dìde. Mi ò pa á, torí tí mo bá pa tèmi, tìrẹ á dákẹ́, wàá sì padà sùn, mo mọ̀ ọ́. Mo fọ ojú, mo ká aṣọ ìbora, mo ṣí fèrèsé, mo rìn dé géètì mo sì padà, mo wá ṣírò pé o ti wọ bàtà, kí n tó tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà mìíràn ó máa ń dákẹ́ fúnra rẹ̀, kò ní í pẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn nínú ẹ̀. Kì í bínú, kì í sì í gbà. Ó fìwà jọ mí.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ló le, ìpéǹpéjú á wúwo bí aṣọ tí wọn ò fún. Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú mi là kí abọ́ tó dún. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ kò ju pé kéèyàn má padà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kódà kó jẹ́ láti wọ ìbọ̀sẹ̀. Tí ìdí bá ti kan bẹ́ẹ̀dì, orí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kẹfà ni aránṣọ ẹ̀yìn ògiri wá kan ilẹ̀kùn, ìwọ náà mọ ẹnu ẹ̀. Ó ní Ìyá, ṣé ẹ ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni, tí agogo fi ń dún láago márùn-ún? Mo ní ẹni tí kò lọ́mọ níbi iṣẹ́ ló ń sùn di ọ̀sán. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ìjà kọ́ lòun bá wá, ọpẹ́ ni. Ó ní láti ìgbà tí Bàbá ti kú, òun kò rí aṣọ oníbàárà kan parí lásìkò, torí ọmọrí ìkòkò Bàbá ló ń jí òun. Ó ní ṣebí ọmọrí yẹn ló ń jí gbogbo wa, títí kan ẹ̀yin náà. Mo ní kó máa lọ sílé.

Mo máa sọ èyí fún ọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní í tún un sọ. Gbogbo ayé rẹ ni mo fi ń pariwo sí ọ létí pé kí àkùkọ tó kọ ni èmi ti ń jí, pé ẹnikẹ́ni kò jí mi rí. Irọ́ kọ́, ó kàn ku díẹ̀ níbẹ̀ ni. Bàbá rẹ ló ń kọ́kọ́ dìde. Á gbé omi kaná, á fi ọmọrí lu ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta, á ní ọwọ́ òun ló yọ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni ọwọ́ rẹ̀ fi ń yọ̀. Kò fẹnu jí mi rí, torí ó mọ̀ pé mi ò ní í gbà. Tí mo bá jáde, á ní háà, o ti jí? Èmi á ní ṣé mo máa ń sùn ni? Láti ìgbà tó ti lọ, oòrùn ló ń wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọdún méjì báyìí. Gbogbo òwúrọ̀ tí o bá pè tí mo ní mo ti gbálẹ̀ tán, abẹ́ aṣọ ìbora ni mo wà. Nítorí náà, oorun tó ń jà ọ́ yẹn, kì í ṣe ìdílé bàbá rẹ lo ti jogún rẹ̀ bí mo ṣe máa ń sọ. Má jẹ́ kí àbúrò bàbá rẹ gbọ́.

Lọ́jọ́ kejìlá, fóònù kú. Bátìrì rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ojú mi là fúnra rẹ̀, mo wo aago ara ògiri, márùn-ún ti lù, abọ́ dákẹ́. Mo mọ̀ pé tìrẹ náà ti dákẹ́ nìyẹn. Mo gbé ìkòkò bàbá rẹ jáde sí àgbàlá, mo kọjú sí ọ̀nà tí ọkọ̀ yín máa ń gbà lọ, mo fi ọmọrí lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Aránṣọ tan iná. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá mi jí fóònù padà, mo bi ọ́ nípa ọjọ́ yẹn gan-an, o ní agogo mẹ́fà kò tíì lù tí o fi tẹ̀ka.  Mo lọ sọ fún atúnfóònùṣe. Ó kàn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún la wà lónìí, ó ku mẹ́tàlá. Atúnfóònùṣe ti bá mi fi okùn rọ́bà di bátìrì náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kò ní í pẹ́ lọ. Jọ̀ọ́, fi owó bátìrì rán dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá, àti owó epo ìpara fún orúnkún tí mo ní mi ò ní í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Má ra ọmọrí tuntun fún mi. Èyí ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ló tẹ̀ ẹ́.

Ohun kan ló tún kù. Tí tìrẹ bá dún lọ́la, kí o tó pa á, fi ọmọrí lu ìkòkò rẹ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù náà, kó lè gba inú tèmi dé etí mi. Tí mo bá bi ọ́, sọ pé ọwọ́ rẹ ló yọ̀.

Iṣẹ́ kò ní í bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó ń ṣọ́ ọjọ́ tí wàá pẹ́, á ṣọ́ ọ títí yóò fi hu ewú. Ojú rẹ á máa là sí ire.

Èmi ni ìyá rẹ, tí mo ti jí.