Iná Tí Dàpọ̀ Kọ̀ Láti Tan

                                                  Martindale,
                                                  Calgary, Alberta,
                                                  Kánádà.
                                                  Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, ọdún 2025.

Roseline, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti jẹ́ kí wọ́n gbádùn? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn báyìí, àbí abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ṣì ń kó o sí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́, òtútù nìkan ló ń fojú wa rí màbo. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ níbí báyìí. Tó bá fi máa di márùn-ún, ilẹ̀ ti ṣú biribiri.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà láyé WhatsApp. Torí pé mo mọ̀ ọ́ ni. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, kí n tó mí, Súmbọ̀ àbúrò rẹ á ti gbọ́, ọ̀rọ̀ á sì ti dé group àwọn ọmọ ilé ìwé wa. Jókòó kí n sọ fún ọ.

Ṣé o rántí consultancy tí mo ní Dàpọ̀ ọkọ mi ń ṣe? Gbàgbé ẹ̀. Kò sí consultancy kankan. Láti oṣù Kẹta tí ilé iṣẹ́ epo ti ní kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé, warehouse kan nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú ló ń lọ, ó ń to páálí. Engineer wa! A ta mọ́tò rẹ̀. Èmi ni mò ń gbé ìkan tó kù lọ sí ọsibítù, torí èmi ni mò ń gbé Inúolúwa ọmọ wa dé ilé ìwé. Dàpọ̀ bá ra kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá o, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà ni.

Mo ra iná méjì fún un, funfun fún iwájú, pupa fún ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin òyìnbó tó tà á fún mi fara balẹ̀ ṣàlàyé: kó tan án tí oòrùn bá ti ń wọ̀, kó tan án láàárọ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kó tan án tí snow bá ń bọ́ tàbí tí kùrukùru bá bolẹ̀, kódà lọ́sàn-án gangan kò burú. Ó ní kì í ṣe torí kí ó lè ríran nìkan, torí kí àwọn onímọ́tò lè rí i ni. Mo rò ó fún Dàpọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní títì Calgary kún fún iná, ta ló ń tan iná sábẹ́ iná, kí bátìrì lè tètè kú? Mo ní ó dáa, ọmọ NEPA, mo gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì kan lóṣù tó kọjá, mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, aago márùn-ún ti lù, snow ń bọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ yà sí àdúgbò wa, nǹkan dúdú kan là mí kọjá níwájú. Kò tan iná iwájú, kò tan tẹ̀yìn. Mo tẹ bíréèkì, mọ́tò ń yọ̀ lọ, mo ń pe Jésù, ìgbà tó kù díẹ̀ báyìí kó gbá a ló tó dúró. Mo sọ wíńdò kalẹ̀, mo rọ̀jò èébú lé e lórí: wèrè, aláìgbọ́n, ẹni tó fẹ́ fi ikú ara rẹ̀ kó bá ọlọ́mọ. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni mo rí kúlà aláwọ̀ ewé tó so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Roseline, èmi ni mo di ìrẹsì sínú kúlà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ ara mi sọ ara mi di opó.

Nígbà tí mo délé, ó ti jókòó sídìí tẹlifíṣàn, ó ń kí mi káàbọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Mo ní ṣé kò rí mi ni. Ó ní òun rí mi. Mo ní kí ló dé tí kò dúró. Ó ní mọ́tò Arábìnrin Caroline, ará ìjọ wa tí a jọ ń gbé àdúgbò, wà lẹ́yìn mi! Ibẹ̀ ló ti wá jẹ́wọ́. Lójú ọ̀nà warehouse, níbi tí kò ti sí ẹnì kankan àfi ehoro, á tan iná yòò. Tó bá kù díẹ̀ kó dé ilé Díákónì Adégbóyèga, á pa á. Tó bá dé ibùdó train, níbi tí àwọn akọrin ìjọ wa ti ń sọ̀ kalẹ̀, á pa á. Iwájú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra ẹlùbọ́, á pa á, á tún fa fìlà bojú. Ibi tí mọ́tò pọ̀ sí gan-an ló ti ń paná, ehoro ló ń tanná fún. Ó ní, "Morọ́láyọ̀, ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Mo ní ẹni tó pa òwe yẹn, ìyàwó rẹ̀ ò wa mọ́tò. Inúolúwa gbójú sókè nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ó ní, "Mummy, is Daddy going to die?" Dàpọ̀ ṣèlérí pé láti ọ̀la lọ, òun á máa tan án. Irọ́ ni.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó sá fún títì pátápátá, ó gba ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn, nínú òkùnkùn. Àṣé ẹlòmíràn náà ń bọ̀ látòdìkejì, òun náà ò tanná. Gbàù! Àwọn méjèèjì bá ara wọn nínú snow. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi èébú òyìnbó pàdé ara wọn, gírámà ńlá ńlá, àfi ìgbà tí ẹnì kan kígbe pé, "Yéè, ìyá mi o!" Ni ìkejì bá dá ohùn náà mọ̀.

"Engineer?"

"Díákónì?"

Dàpọ̀ kúkú ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló bá fi ṣe ìdọ̀bálẹ̀. Díákónì tí gbogbo ìjọ mọ̀ sí ọ̀gá ńlá nílé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ilé búrẹ́dì ni wọ́n ti ń bọ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà létí wọn. Imú Dàpọ̀ wú, iwájú orí Díákónì bẹ́, kẹ̀kẹ́ Díákónì ká kò. Wọ́n wọ́ ọ wá sínú gáréèjì wa, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó.

Láàárọ̀ àná, àwọn méjèèjì lẹ pílásítà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oníkálukú ní snow ló gbé òun ṣubú. Pásítọ̀ ní kí wọ́n bọ́ síwájú wá dúpẹ́, a bá wọn jó. Lọ́sàn-án, Màmá Fẹ́yìsayọ̀, ìyàwó Díákónì, wá kí wa kú ewu. Mo po tíì. Wọ́n ní àtẹ̀gùn basement ni Díákónì ti yọ̀ ṣubú. Wọ́n ti gbàgbé pé snow ni wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní iwájú ilé ni Dàpọ̀ ti ṣubú, ibi tó ti ń kó snow. Wọ́n bi mí nípa consultancy, mo ní ó ń lọ dáadáa. Mo bi wọ́n nípa ọ́fíìsì, wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Díákónì nígbèéga ni. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọkọ wọn wà lẹ́yìn ògiri tí wọ́n fara tì. Ojú ò tì wá rárá!

Nígbà tí wọ́n ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n rọra sọ ọ́ ni. "Ìyá Inú, iná tí ẹ rà fún bọ̀dá, ṣọ́ọ̀bù wo lẹ ti rà á?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, ẹkún ti gbà á. Wọ́n ní láti oṣù Kẹwàá ni oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ò ti lọ lọ́fun wọn, àfi tí wọ́n bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. A di mọ́ra wa níbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kan nínú bàtà, ìkan níta.

Roseline, jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Dàpọ̀ kọ́ ló dá consultancy sílẹ̀. Ẹnu mi ló ti jáde. Ọjọ́ Ìsinmi kejì tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Caroline bi mí pé ibo ni engineer wa wà báyìí, ojú tì mí, mo sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó sọ fún Dàpọ̀ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Èmi tí mò ń bú u pé kó tanná, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pa iná náà.

Láàárọ̀ òní, kílẹ̀ tó mọ́, mo bá a jáde, mo fọwọ́ ara mi tan méjèèjì. Mo ní, "Dàpọ̀, jọ̀ọ́." Ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ. Mo dúró sójú wíńdò. Mọ́tò Caroline ń bọ̀. Mo rò pé Dàpọ̀ á pa iná. Caroline dín eré kù, ó fún un láyè, ó sì rọra kọjá. Dàpọ̀ juwọ́ sí i.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti Màmá. Kí Súmbọ̀ náà, àmọ́ má jẹ́ kó ka lẹ́tà yìí. Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán ọ. Màmá mi ti ń fi consultancy yangàn káàkiri àdúgbò. Tó bá di Sátidé, jọ̀ọ́, bá mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Sọ fún wọn pé páálí ni ọkọ ọmọ wọn ń tò, kẹ̀kẹ́ ló sì ń wà lọ. Wọ́n á sunkún, mo mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá sunkún tán, sọ fún wọn pé iná rẹ̀ á jẹ́ kí n máa rí i lókèèrè tó bá ń bọ̀ wálé.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Morọ́láyọ̀, ìyàwó oníkẹ̀kẹ́.