Eríàlì Inú Nọ́ńbà Ọkọ̀ Bàbá

Akanran,
Oṣù Kẹta, 1996.

Ẹ̀gbọ́n mi Kọ́lápọ̀,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, ẹ̀gẹ́ wa sì ta dáadáa.

Eríàlì rédíò tí ẹ ṣe sínú nọ́ńbà ọkọ̀ Bàbá, kí ẹ̀rọ tí ẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà wa lè máa dá ọkọ̀ náà mọ̀, ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá Láoyè, àbúrò Bàbá, tú nọ́ńbà náà, wọ́n kàn án mọ́ mọ́tò wọn tí kò ní ìwé. Bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ẹ̀rọ yín, ó sọ pé ọkọ̀ Bàbá ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé ẹ̀rọ rẹ̀ gọ̀." Ó kó mi nírìíra débi pé mi ò jẹun nílé wọn mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún eríàlì náà ṣe lọ́nà mìíràn, kó lè já bí ẹnikẹ́ni bá tú nọ́ńbà. Bí ará ilé bá lè ṣe èyí, kí lolè máa ṣe? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ yín di ẹ̀rín.

Àbúrò yín,
Múyìwá