Àlùmọ́gàjí Mi àti Ìwé Bàámi

Kí n tó pín ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo ti lọ́kọ! Ọjọ́ kọkànlélógún rèé tí èmi àti olùtọ́jú ilé ìkàwé ti fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó, tí a ò sọ fún ẹnì kankan. Ẹ má bínú sí wa.

Èmi, àbíkẹ́yìn gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ní Ìyá Àlùmọ́gàjí, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, àfi bí ayọ̀ bá máa ń da orí èèyàn rú. N kò ṣàìsàn, n kò sì ṣe tán láti kú. Akọ̀wé tó so wá pọ̀ ló ní ẹni tó bá ti ní ìdílé yẹ kó kọ ọ́, mo sì wò ó pé èmi náà ti ní ohun tí mo lè fi sílẹ̀.

Ẹ̀kínní: Àlùmọ́gàjí mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ti Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo yín mọ iṣẹ́ mi: mo ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé tí mo fẹ́ràn. Èyí tó pọ̀ jù ni mo ń kọ gàdàgbà, èyí tó ṣọ̀wọ́n a kéré bí èèrà, n ó fi àlùmọ́gàjí gé wọn, n ó wá tò wọ́n jọ bí ìkùukùu ojú ọ̀run. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, mo gbàgbé láti yọ àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́. “Ni” wá tóbi ju gbogbo wọn lọ. Àǹtí ní, “Odindi oṣù mẹ́ta, ‘ni’ lo rí! Kú iṣẹ́ o, Ìyá Àlùmọ́gàjí!” Mo ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kò ní bọ́ lọ́wọ́ àlùmọ́gàjí.

Ẹ̀kejì: Ológbò mi di ti aṣerunlóge ìsàlẹ̀. Ó sùn lórí ọ̀rọ̀ tí mo gé, ó sì gbé mọ́kànlá nínú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣerun. Obìnrin yìí ṣa gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé, ó dá a padà.

Ẹ̀kẹta: Ìwé tí mo ń kọ iye ọ̀rọ̀ sí, àti gbogbo ìyókù ara mi, di ti ọkọ mi. Ìwé tí mo yá fún oṣù mẹ́rin láìdá padà ló bá wá sílé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo ló lẹ̀ mọ́ ìgúnpá yín yẹn?” A jọ wò ó. “Dúró” ni. Ẹ wo bó ṣe gbọ́ràn tó!

Ẹ̀kẹrin, tó wúwo jù: Àwòrán mi tó tóbi jù di ti Bàámi.

Bàámi, ọdún méjì rèé tí ẹ ò ti wọ yàrá mi. Mo gé ìwé kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ràn láyé, tí Màámi fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí etí rẹ̀, nítorí òmùgọ̀ bí èmi rò pé ẹni tó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ní, “Ìyá rẹ kú lẹ́ẹ̀kan, o tún pa á lẹ́ẹ̀kejì.”

Èsì mi nìyí. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò sọnù! Inú agolo mílíìkì ni mo kó gbogbo ohun tí Màámi kọ sí. Mo kà á: ìgbà mẹ́tàlélógójì ni wọ́n kọ “Mo rẹ́rìn-ín níbí.” Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kún un pé, “Bíi ti bàbá wọn gẹ́lẹ́!” N kò tún ọ̀kankan kọ. Ọwọ́ Màámi gan-an ni mo lẹ̀, gbogbo rẹ̀ para pọ̀ di ẹ̀rín ńlá kan láàárín àwòrán. Nínú àwòrán tó lé ní igba tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ sí ìdíje ilé ìkàwé, tèmi ni wọ́n mú! Òun ni yóò kọjú sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìkàwé, kó tó wá di tiyín.

Kò tíì ní férémù. Mo ti kọ ti gbogbo gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú, àfi ti ẹnì kan.

Bàámi nìkan ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà: Ìyàwó olùtọ́jú ilé ìkàwé.

Àwọn ẹlẹ́rìí: Akọ̀wé ìgbéyàwó, onílé wa.

Ẹni tó gbà láti mú un ṣẹ: ..............................

Àyè Bàámi nìyẹn. Ẹ̀yin tó kù, ẹ bá mi mú wọn wá, pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn igi: gbọ̀ngàn ìkàwé, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà, aago mẹ́wàá àárọ̀.