Àṣẹ Tí Mo Fi Síbẹ̀ Tí N Kò Yọ Kúrò

Ẹ kú ilé o, Bàbá. Màmá, ẹ kú ilé, ẹ kú àárò mi. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú yín láti Montréal níbí, níbi tí yìnyín ti bo fèrèsé mi láti ìjẹta. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ àti gbogbo ará ilé ní Ayétòrò. Ara mi le. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ ni mo yà sórí ọ̀rọ̀ òtútù. Mo sì bẹ àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ìjọ wa kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá mi dúpẹ́ lè kà á.

Bàbá, nígbà tí mo pè yín pé wọ́n fi mí ṣe olórí ikọ̀ wa níbi iṣẹ́, ẹ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ dìde láàárín ìjọ, ẹ ní nígbà tí gbogbo wọn wá àṣìṣe kan tì, ọmọ Ayétòrò ló rí i. Màmá ní ohùn tí ẹ fi ń kọ́ni ní ìṣirò nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ tíṣà lẹ fi sọ ọ́. Òótọ́ ni pé èmi ni mo rí i. Ohun tí n kò sọ ni pé èmi náà ni mo fi í síbẹ̀.

Iṣẹ́ wa ni láti rí i pé dátà ń gbéra láti inú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá wa, ó sì ń dé àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó ń lo ètò wa. Láyé àtijọ́, suwíìṣì tó ń pín ọ̀nà fún dátà jẹ́ àpótí irin tí wáyà kún ẹnu rẹ̀. Lónìí, púpọ̀ nínú wọn kò ní ara tí ẹ lè fọwọ́ kàn. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé. Ètò kan ṣoṣo tí à ń pè ní kọntírólà ló ń sọ fún gbogbo wọn ibi tí dátà máa gbà. Bí ọ̀nà kan bá bàjẹ́, òun ló ń darí dátà sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kánjú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣẹ sínú suwíìṣì kan, kọntírólà kò ní mọ̀, suwíìṣì náà á sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu ju kọntírólà lọ.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń ṣe ségesège lọ́jọ́ kan, mo bá kọ àṣẹ pé kí gbogbo dátà máa gba ọ̀nà kejì. Mo ní bí wọ́n bá tún ti àkọ́kọ́ ṣe, n ó yọ ọ́. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. N kò yọ ọ́. Ẹ mọ bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń ja ewé tútù sójú títì lọ́nà Ìgbógìlà bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ níwájú, kí ẹni tó ń bọ̀ lè yà. Wọ́n á tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n á lọ, wọ́n á fi ewé sílẹ̀, àlejò á sì tún máa yà kiri. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi tèmi sílẹ̀.

Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń jẹ́ Ràfíátù. Ọmọ Kétu ni, ní òdìkejì ẹnubodè. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú yàrá ìjẹun. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Yorùbá rẹ̀ dé fìlà Faransé. Á ní tèmi ńkọ́, tó mu Gẹ̀ẹ́sì yó tó wá ń ṣe òsúkè. Gààrì tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́, ó pín in sí méjì ọgbọọgba, ó gbé ìdá kan fún mi. Nínú òtútù ìlú yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn ilé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, iṣẹ́ kan Ràfíátù láti ti ọ̀nà kejì fún àtúnṣe. Ó wo kọntírólà, ó rí i pé ọ̀nà àkọ́kọ́ ṣí, pé dátà á yí síbẹ̀. Ó tì í, wọ́n sì tú wáyà ibẹ̀ sílẹ̀. Kọntírólà ní kò sí wàhálà. Àwọn ilé ìwòsàn ń pè pé àwọn kò rí fáìlì aláìsàn kankan ṣí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa ń bi Ràfíátù lójú gbogbo wa pé kí ló fọwọ́ kàn, ó ń sọ pé òun kò fọwọ́ kan ohun tí kò sí nínú ìwé iṣẹ́ òun.

Èmi ni mo sọ pé kí a fi kọntírólà sílẹ̀, kí a lọ wo suwíìṣì fúnra rẹ̀. Mo ka àwọn àṣẹ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ iye dátà tó ti tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn dúró jẹ́ẹ́, àfi ẹyọ kan tó ń sáré gòkè, tó ń rọ́ dátà lọ sí ọ̀nà tí a ti tì. Mo dá a mọ̀ kí n tó kà á tán. Mo pa á rẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan, àwọn ilé ìwòsàn padà sípò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọ̀gá béèrè pé kí ni. Mo ní àṣẹ kan ló wà níbi tí kò yẹ kó wà. Suwíìṣì wa kì í kọ orúkọ ẹni tó fi àṣẹ sínú rẹ̀. Wọ́n gbà pé Ràfíátù ló ṣèèṣì fi í síbẹ̀ nígbà tó ń múra iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wá bá mi nídìí tábìlì mi. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àṣẹ yẹn, ṣé ẹ rí ibi tó ti wá? Mo ní n ó bá a wò ó.

Kọ́ńtíráàtì rẹ̀ parí ní òpin oṣù, wọn kò fún un ní òmíràn. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n fi mí ṣe olórí. Nígbà tí mo ròyìn fún yín, Bàbá, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi mí: ta ló wá fi í síbẹ̀? Mo ní yìnyín ti ń bẹ̀rẹ̀ níbí.

Ìròyìn náà kò dúró níbí. Ọmọ Kétu mìíràn gbé e délé pé Ràfíátù ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláìsàn. Mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ iṣẹ́ ọmọ òun lójú òun mọ́. Ìyẹn ni n kò lè gbé mì.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo wọlé tọ ọ̀gá wa, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní àṣẹ tí mo gbàgbé kò bí òun nínú, kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé. Oṣù mẹ́rin tí mo fi panu mọ́ ni òun kò mọ ohun tí òun máa fi ṣe. Wọ́n ti gba ipò olórí lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ̀wé sí Ràfíátù pé kò jẹ̀bi, pé kó padà bó bá fẹ́. Kò fẹ́. Ó ti rí iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Mo ránṣẹ́ sí i, ìdáhùn rẹ̀ sì kúrú. Ó ní iṣẹ́ kọ́ ló dun òun. Òun bi mí léèrè, mo sì wo ojú òun, mo ní n ó bá òun wò ó. Ó ní bí mo bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe lórí fóònù, ṣebí èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nílé wa.

Bàbá, Màmá, ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ fi ọkọ̀ gbé yín gba Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu, sọ́dọ̀ ìyá Ràfíátù. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ má bàa bá wọn lẹ́nu ìrun. Mo mọ̀ pé ọ̀nà náà kò dára fún orúnkún yín, Màmá. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú mi kò tíì jẹ́ kí n lè jáde. Ẹ má sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Ẹ má sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Ẹni ogójì ọdún kì í ṣe ọmọdé. Ẹ má ṣàlàyé suwíìṣì fún wọn. Ẹ kàn sọ pé ọmọ yín ló ṣe é, ó mọ̀ pé òun ni, ó dákẹ́, wọ́n sì fìyà rẹ̀ jẹ ọmọ wọn. Ẹ sọ ọ́ níbi tí àwọn ará àdúgbò á ti gbọ́. Bí wọn kò bá fún yín ní ìjókòó, ẹ sọ ọ́ lórí ìdúró.

Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀. Ẹ ó pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹbí, tàgbà tèwe. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ tún ní ìdí láti bẹ ẹnikẹ́ni nítorí mi mọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéwálé.