Ẹ̀rọ Tó Ń Dáhùn Ìbéèrè Àná

Bàbá mi tí mo ṣì ń wá kiri inú ilé,

Ara mi ò balẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wọlé tí mo ń jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé omi kaná, mi ò sì mu tíì kankan. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ìdí mi kì í kan àga. Ó ti wá burú sí i báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àwọn ọmọ kòkó yín, àwọn tí ẹ fọwọ́ ara yín gbìn sínú ọ̀rá kí àìsàn tó dá yín wólẹ̀, apá kan lẹ́bàá kànga, apá kan nídìí ògiri tí oòrùn máa ń pa. Iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Tí wọ́n bá kú, kí ni mo fẹ́ sọ? Màmá ò lè dá gbé ilé, wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Aládé. Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ títí di Sátidé. Ẹ̀ẹ̀rùn ò sì mọ̀ pé a ń ṣọ̀fọ̀.

Ẹ mọ̀ mí pẹ̀lú wáyà. Mo ri irin tín-ín-rín bọ inú iyẹ̀pẹ̀ níhà méjèèjì, mo so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kan tí kò ju èékánná lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sọ bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe tutù sí di nọ́ńbà, kó máa fi í ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lórí wáyà kan ṣoṣo, bí a bá ti bi í ní ti kànga tàbí ti ògiri. Ibi tó bá gbẹ, omi á ṣí síbẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú táǹkì. Èèyàn lè ní kó máa sùn, kó máa jí wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí bátìrì lè pẹ́. Èèyàn sì lè ní kó má sùn rárá. Ẹ mọ èyí tí mo mú. Kò pẹ́ tí bátìrì fi kú, ni mo bá gbà kó máa sùn. Ó ń sùn, èmi ò sùn.

Sátidé tí mo dé, ẹ̀yìn ilé ni mo gbà lọ, mi ò tíì sọ báàgì kalẹ̀. Bàbá, àwọn tẹ̀bá kànga wà nínú omi, gbòǹgbò wọn ti ń rà. Àwọn tìdí ògiri ti gbẹ, ewé wọn ń rún wómúwómú lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Mo bú ẹ̀rọ náà, mo bú ara mi, díẹ̀ ló kù kí n bú ẹ̀yin náà tí ẹ lọ.

Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o. Èmi ni mi ò mọ ìwà rẹ̀. Tí èèyàn bá bi í ní ìbéèrè, ìdáhùn èyí tó ṣáájú ló máa gbé sílẹ̀. Ti ìsinsìnyí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣírò rẹ̀ lọ́wọ́ ni, àfi kí èèyàn tún bi í ní òmíràn kó tó tú u jáde. Mo bi í nípa kànga, ó fún mi ní ti ògiri. Mo bi í nípa ògiri, ó fún mi ní ti kànga. Ògiri ni òùngbẹ ń gbẹ, kànga ni omi ń lọ.

Màmá wá láti Aládé wá wò ó, mo sì ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin yín.

“Bàbá rẹ ló jọ,” ni wọ́n wí.

Àbí irọ́ ni? Mo lè bi yín nírọ̀lẹ́ bóyá kí n bá àwọn ará kíláàsì mi gun òkè. Ẹ ò ní fọhùn, ẹ ó máa jẹ pákò yín lọ. Tílẹ̀ bá mọ́, tí mo bá bi yín pé ọkọ́ dà, ẹ ó ní kí n lọ, ṣùgbọ́n kí n má sáré lórí àpáta. Ọkọ́ ńkọ́? Ó di ìgbà tí mo bá tún bi yín ní nǹkan míì. Ó máa ń bí mi nínú débi pé mo máa ń fẹsẹ̀ janlẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn gan-an nìyí. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, mo bi yín bóyá kí n fi iṣẹ́ Àkúrẹ́ sílẹ̀, kí n wálé wá mú oko. Ẹ kàn wo àjà. Ó yẹ kí n tún bi yín ní nǹkan, bóyá ẹ fẹ́ omi, bóyá ìrọ̀rí ga jù, ohunkóhun. Nọ́ọ̀sì ní kí n jẹ́ kí ẹ sinmi, èmi tí n kì í dákẹ́ sì dákẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́, ẹ ti lọ. Ṣé ìdáhùn mi ti wà lẹ́nu yín? Kí lẹ fẹ́ sọ?

Ní báyìí, mo máa ń da ìdáhùn àkọ́kọ́ ẹ̀rọ náà nù, mo sì máa ń bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Lára àwọn tìdí ògiri tí mo rò pé wọ́n ti kú, àwọn kan ti ń yọ ewé pupa kéékèèké. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lánàá, gbogbo òkè ń dán.

Nítorí náà, Bàbá, mo tún ní ìbéèrè kan. Nínú oko wa ní Àtọ̀sìn, ṣé ìsàlẹ̀ àpáta ni kí n gbìn wọ́n sí, àbí etí odò?

Èmi ni,
ọmọ yín tí ìdí rẹ̀ kì í kan àga, tó jókòó báyìí tó ń gbọ́.