Mo Bẹ̀ Wọ́n Kí Wọ́n Kan Ìlẹ̀kùn Rẹ

Kalyna, Saskatchewan,
Ọjọ́rú, oṣù Karùn-ún.

Ostap, ọmọ mi,

Báwo ni ara rẹ? Báwo ni orúnkún? Báwo ni ẹ̀yìn tí o fi ń bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Àwa ò ní àìsàn nílé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àfi bàbá rẹ tí kì í sọ̀rọ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe àìsàn, ìwà rẹ̀ ni. Ọlọ́run tó mú ọ la òtútù kọjá nígbà tí o wà ní jòjòló, ní ọdún tí yìnyín bo ìlẹ̀kùn wa tí bàbá rẹ gba ojú fèrèsé jáde lọ fún màlúù lóúnjẹ, yóò mú ọ la ibi tí o wà yìí kọjá. O ò ní fẹsẹ̀ gbá òkúta. Ẹni tó bá sáré kọlù ọ́ lórí pápá, orí tirẹ̀ ni yóò fi balẹ̀. Bàbá rẹ ní n ò gbọdọ̀ gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo yín, àmọ́ mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, bírò ni mo sì fi kọ ọ́.

Òjò ti dá iṣẹ́ gbígbìn dúró. A ti gbin kánólà tán, àlìkámà ló kù, ẹ̀rọ ìgbìn sì ti rì sínú ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pápá, níbi tí bàbá rẹ ti ń rì í lọ́dọọdún, tó sì ń yà á lẹ́nu lọ́dọọdún. Abo màlúù olójú funfun bí ìbejì, ó ń tọ́jú ọ̀kan, ó ń fẹsẹ̀ ta èkejì dànù, ìgò ni mo fi ń fún ìyẹn ní wàrà. Bilyk aládùúgbò wa ló máa mú lẹ́tà yìí wá, ó ń bọ̀ ní Saskatoon lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ lọ́la láti ra irin kan fún ẹ̀rọ rẹ̀. Má ní kó jókòó o. Tó bá jókòó, kò ní dìde mọ́.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù bàbá rẹ kí a lè wá wò yín níbi ìdánrawò ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo rí i, ó jẹ́ àwòrán onígun mẹ́rin tó kún fún àmì dúdú wẹ́wẹ́. Mo wò ó dáadáa, mo ní ah, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìyí, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò fara balẹ̀, apá ọ̀tún ò bá apá òsì mu. Ìwọ náà mọ̀ pé fóònù bàbá rẹ kì í bá wa dé ìlú kó tó kú. Ni mo bá mú aṣọ funfun àti òwú dúdú, mo ka àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo rẹ̀ sára aṣọ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Mo tún bá wọn ṣàtúnṣe igun kan tó wọ́, mo sì fi òwú pupa sí etí rẹ̀ kó má baà rí bí aṣọ òkú. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu géètì na ẹ̀rọ kékeré kan sí i, ẹ̀rọ náà ò dún. Mo ní kó má bínú, bóyá òwú pupa ló dà á láàmú. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n yà á ní fọ́tò, ọ̀kan bi mí bóyá mo máa ń tà á. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún wa pé ọ̀fẹ́ ni ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó nílò tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá rẹ fà mí lápá lọ síbi ìjókòó.

Ostap, mo fẹ́ bi ọ́ ní ohun kan, má bínú. Ṣé iṣẹ́ tí o lọ ń ṣe níyẹn lóòótọ́? Mo mọ̀ pé o máa ń fi ọwọ́ ta bọ́ọ̀lù olórí ṣóńṣó yẹn lu ìlẹ̀kùn abà wa láti kékeré, mo rò pé eré ni. N ò mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà yóò san owó fún ènìyàn kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fi ọwọ́ ta bọ́ọ̀lù gba àárín itan sẹ́yìn fún ẹni tó máa gbá a, kó sì kọ ìdí sí gbogbo ayé tó wá wòran. Bàbá rẹ ní iṣẹ́ pàtàkì ni, pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ kan, kò sì sẹ́ni tó máa ń mọ orúkọ rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tó bá ṣì í ta. Mo ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Ó ní ti ìyá nìyẹn. Mo wò ó títí, n ò mọ̀ bóyá ó ń yìn mí ni àbí ó ń bú mi.

Obìnrin kan jókòó tì wá, irun rẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí atẹ́gùn ti fẹ́ dàgbà. Mo fún un ní hóró òdòdó oòrùn, mo gé ẹran kovbasa fún un, o mọ̀ pé n kì í jẹun nìkan. Ó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ta bọ́ọ̀lù, èmi náà ń pàtẹ́wọ́, mo ní inú mi dùn pé àlejò pàápàá ti rí ẹ̀bùn ọmọ mi. Akoto ló bo orí yín, ẹ̀yìn yín nìkan la sì ń rí.

Ibẹ̀ la wà tí bàbá àgbàlagbà kan fi wá dúró tì wá, bàbá rẹ kí i, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ òjò. Ó ní Gord ni orúkọ òun, òun ló máa ń lọ láti yàrá dé yàrá níbi tí ẹ ń sùn, ní ìdájí ọjọ́ tí kóòṣì bá fẹ́ yan ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀! Ṣebí ìwọ lo sọ lórí fóònù pé ọkùnrin kan ń bẹ tó máa ń kan ìlẹ̀kùn, tó máa ń ní kóòṣì fẹ́ rí ọ, mú ìwé ètò eré rẹ dání. Ohùn rẹ ti lọ sílẹ̀ nígbà tí o ń sọ ọ́, mo ní ọmọ mi ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ fò ó. Ní Kalyna níbí, tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí ọmọ mú ìwé rẹ̀ wá, ó fẹ́ fi han àwọn tó kù ni. Ìwé tìrẹ sì mọ́ tónítóní láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo ṣí àpò mi, mo mú ìgò kùkúńbà mi jáde, èyí tí mo rẹ sínú omi kíkan pẹ̀lú áyù, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, Ostap Hrynkiw lorúkọ ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ni yàrá rẹ̀ wà, ẹ má fò ó. Mo ní tó bá ṣeé ṣe, ìlẹ̀kùn tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì kàn án torí pé oorun rẹ̀ wúwo. Ó wo ìgò, ó wò mí. Ó ní ìyá, mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, kò tíì sí ìyá kankan tó bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní àwọn ìyá ayé òde òní ló ya ọ̀lẹ. Ó ní ohun tí òun máa fi tọkàntọkàn gbàdúrà fún ni pé kí òun má dé ìlẹ̀kùn yẹn rárá, ó sì gbé ìgò lọ. Mo ní kí bàbá rẹ wá wo ìgbéraga, ó gba kùkúńbà mi, ó kọ iṣẹ́ mi.

Obìnrin tó jókòó tì mí ti dẹ́kun jíjẹ. Ó fọwọ́ kan apá mi, ó ní ṣé mo mọ ohun tí mo ṣe. Ó ní ẹni tí bàbá yẹn bá kan ìlẹ̀kùn rẹ̀, ilé ló ń lọ. Ó ní ìwé tí wọ́n ń ní kó mú wá yẹn, gbígbà ni wọ́n fẹ́ gbà á padà, kó tó lọ di ẹrù rẹ̀.

Ostap, mo sáré. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀, mo sì sáré. Mo bá a lẹ́yìn àga ìwòran, ó ti ṣí ìgò, ó ti jẹ méjì, ẹ̀kẹta wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní mo ti yí ẹ̀bẹ̀ mi padà, kí ó má kàn án o, kódà bí ilé bá ń jóná kí ó fi sílẹ̀, màá wá jí i fúnra mi. Ẹ̀rín pa á títí omi kùkúńbà fi gba imú rẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kì í ṣe òun ló ń yan ẹni tó ń lọ, kóòṣì ni, òun kàn ń fi ọwọ́ kan igi lásán ni. Mo fi ìgò náà sílẹ̀ fún un, torí ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo padà, obìnrin náà bi mí pé èwo gan-an ni ọmọ mi nínú wọn. Mo nàka. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní rárá, ìyẹn ni tòun. Zacharie Doiron, ẹni tí ẹ jọ ń du iṣẹ́ kan náà, ìyá rẹ̀ ni mo ti ń fún ní kovbasa láti àárọ̀, ìdí ọmọ rẹ̀ ni mo sì ń pàtẹ́wọ́ fún! Ìwọ lo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí o ń mu omi. Ojú tì mí. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn, àmọ́ ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Odette ni orúkọ rẹ̀. Etí òkun New Brunswick ló ti wá, ó fi ọkọ rẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ láàárín àkókò tí wọ́n ń kó edé ńlá ẹlẹ́mùú. Ó gba yàrá kan ní ìlú tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Bàbá rẹ tí kì í sọ̀rọ̀, òun ló la ẹnu tó ní kó máa bọ̀ nílé wa. Láti ọjọ́ náà ló ti wà níbí. Ó ń bá mi ki ọ̀dùnkún sínú ìyẹ̀fun pyrohy, ó ń di ẹnu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá, ọ̀dùnkún kì í jò níbẹ̀, ó fi jù ọ́ lọ. Ó dúró ní iwájú ilé, ó wo pápá, ó ní níbo ni àwa ń gbé ojú wa sí níbi tí kò ní òpin yìí. Ó fún ọmọ màlúù ní wàrà, ó sì ń kọrin fún un ní èdè Faransé. Ó ní Zacharie ti lọ sí ẹgbẹ́ méjì mìíràn rí, tí wọ́n dá a padà, ó sì ti sọ fún òun pé èyí ni ìgbẹ̀yìn. Mo da tíì sí ife rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ owó. Owó tí o fi ránṣẹ́ gba inú fóònù lóṣù tó kọjá kò tíì dé ọwọ́ mi. Báńkì kọ̀wé sí mi, wọ́n ní kí n tó rí owó náà gbà, kí n sọ orúkọ ajá wa. Mo rò pé ènìyàn rere ni wọ́n, mo kọ̀wé padà pé Burko ti kú nígbà tí yìnyín ń yọ́, pé ó jẹ́ ajá tó gbọ́n àfi tó bá rí adìyẹ, pé a ò tíì mú òmíràn. Wọ́n ní kò tọ̀nà. Mo ní báwo ni ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá sì ti san nǹkan fún ọ níbẹ̀, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún irin ẹ̀rọ ìgbìn, kí o sì kó o sínú àpò ìwé fún Bilyk, má fi gba ọ̀dọ̀ ajá mọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni kóòṣì yóò mú ọ̀kan nínú yín. Èyí ni ohun tí èmi àti Odette fẹnu kò sí. Ẹni tí wọ́n bá kan ìlẹ̀kùn rẹ̀, kó má lọ jókòó ní ibùdókọ̀ lóun nìkan. Bàbá rẹ yóò ti wà lẹ́nu géètì láti kùtùkùtù pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù, ẹni tó bá jáde ni yóò gbé. Kò ní bi í ní ìbéèrè kankan, o mọ̀ ọ́n. Sọ fún Zacharie bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ òun, kó wá sinmi níbí kó tó lọ dojú kọ àwọn olófòófó etí òkun wọn. Tó bá jẹ́ ìwọ, Odette ní ọkọ̀ ojú omi àwọn ní àyè, tí o kò bá fẹ́ rí àwọn ará ilé kọfí tó ń sọ̀rọ̀ ẹni níbí fún ìgbà díẹ̀.

Mo ti fọ aṣọ ibùsùn rẹ. Odette ló bá mi tẹ́ ẹ, ó di etí kan mú, mo di etí kejì mú, a ò wo ojú ara wa.

Láti ọjọ́ tí o ti kúrò nílé ni mo ti ń gbàdúrà kí o wálé. Lọ́sẹ̀ yìí, mo ń bẹ Ọlọ́run kí o má wá. Odette jókòó ní iwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ètè rẹ̀ ń mì, mo sì mọ ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ilé ìdáná kan náà la máa wà nígbà tí fóònù bá dún. Ọ̀kan nínú wa yóò sunkún, ẹnì kejì yóò dì í mú títí yóò fi dákẹ́, lẹ́yìn náà yóò ní òun fẹ́ lọ wo ọmọ màlúù, yóò lọ sẹ́yìn abà, yóò sì yọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbọ́.

Jẹun dáadáa. Wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá lọ sẹ́yìn abà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Stefka